Ìwé Tí Òkú Fọwọ́ Sí

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ kò tíì lù tán tí ọkùnrin kan fi gbé ìwé kan lé orí tábìlì wa, tó ní òkú ló jẹ òun ní gbèsè.

Ìwé náà ti gbó létí, wọ́n sì ṣẹ́ ẹ sí mẹ́rin. Àlòkù irin ni ọkùnrin náà ń tà, nítorí náà Onírin ni n ó máa pè é. Àbúrò ọkọ oníbàárà wa kan ni. Oníbàárà ọ̀hún, obìnrin tó ń ránṣọ, jókòó sí ìkángun bẹ́ǹṣì, ó fọwọ́ lẹ́rán. Aago méjì ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ló yẹ kó lọ búra níwájú adájọ́ pé gbogbo gbèsè òun nìyí, gbogbo dúkìá òun nìyí, kí kóòtù lè gba òun sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówó èlé. Ọkọ rẹ̀ ti kú láti oṣù mẹ́rìnlá sẹ́yìn. Àìsàn ọdún méjì ló pa á, àmọ́ gbèsè tí wọ́n fi tọ́jú rẹ̀ kò bá a kú.

Agbẹjọ́rò ni ọ̀gá mi. Ìyá Onígbèsè ni gbogbo àdúgbò ń pè é, kì í sì í bínú sí i. Láti ogún ọdún ló ti ń gba ẹjọ́ àwọn tí gbèsè bò mọ́lẹ̀, ìdajì wọn ni kì í rí kọ́bọ̀ san fún un. Èmi ni mo ń bá a ṣe ìwádìí. Ọlọ́pàá ni mí tẹ́lẹ̀; mo fẹ̀yìn tì pẹ̀lú oyè sájẹ́ǹtì àti gbèsè tó mù mí dé ọrùn, òun náà ló sì yọ mí. Bí mo bá ń yìn ín jù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú fò ó.

Ó ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, olóògbé yá owó tó tó ra máṣíìnì ìránṣọ mẹ́ta lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀, ó sì fi gbogbo ẹrù inú ilé òun àti ìyàwó rẹ̀ dógò. Bí wọn kò bá san owó náà, kí àbúrò wá kó ẹrù. Wọ́n to àwọn ẹrù náà lẹ́sẹẹsẹ, olóògbé sì fọwọ́ sí i nísàlẹ̀.

"Ṣé ọwọ́ ọkọ ẹ rèé?" ọ̀gá mi bi Aránṣọ.

Ó wò ó fìrí, ó gbójú kúrò. "Ọwọ́ ẹ̀ ni, ma."

"O mọ̀ nípa owó yìí?"

"Mi ò mọ̀. Ọkùnrin kì í sọ gbogbo nǹkan fáyà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹ̀ ni."

Onírin mí kanlẹ̀. "Ẹ wò ó, Lọ́yà, kì í ṣe pé mo fẹ́ fìyà jẹ ẹ́. Ìyàwó wa ni. Àmọ́ dípò kí àjèjì wá kó ẹrù ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kò sàn kó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ló kó o?"

"Kí ló dé tó o fi dákẹ́ fọ́dún mẹ́rin?"

"Àìsàn, ma. Lẹ́yìn àìsàn, ọ̀fọ̀. Ìgbà wo ni kí n béèrè?"

"Ta ló kọ ìwé yìí?"

"Èmi ni mo kọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ sí i lójú mi, nínú yàrá wọn."

"Ìwọ lo ka ẹrù?"

"Lọ́kọ̀ọ̀kan."

"Ó dáa. Lọ dúró dè wá ní kóòtù." Ó yíjú sí Aránṣọ. "Ìwọ, lọ sílé, lọ fi nǹkan sẹ́nu. A ó wá mú ẹ."

Nígbà tí ilẹ̀kùn pa dé, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Sájẹ́ǹtì, kí lo rí?"

"Olè ni mo rí, ma."

"Èwo nínú wọn?"

Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

"Ogún ọdún rèé tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí," ó ní. "Bí olówó bá gbé ìwé tuntun dé, onígbèsè á kọ́kọ́ pariwo pé irọ́ ni, kódà kó jẹ́ òótọ́. Lẹ́yìn náà á béèrè pé, èló ni? Obìnrin yìí ò pariwo. Kò sì béèrè iye ẹ̀."

"Ẹkún ló pọ̀ lójú ẹ̀, ma."

"Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran." Ó ti ìwé náà sọ́dọ̀ mi. "Wo bí wọ́n ṣe to ẹrù yẹn."

Mo wò ó. Máṣíìnì ìránṣọ kan. Dígí gígùn kan. Àpótí aṣọ kan. Àga onígi márùn-ún. Àga onírin pupa kan. Tábìlì ìgéṣọ kan. Áyọ́ọ̀nù méjì. Fáànù kan. Bí mo ṣe dé ibi àga onírin pupa, ojú tì mí débi pé mo fẹ́ bọ́ sábẹ́ tábìlì.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Tí oníbàárà tuntun bá dé ọ̀dọ̀ wa, a kì í ní kó jókòó kó máa ka ohun tó ní sílẹ̀. Ẹ̀rù á bà á, á gbàgbé ìdajì, á fi ìdajì pamọ́. Èmi ni mo máa ń lọ sílé wọn. Ẹnu ilẹ̀kùn ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀: ma fọwọ́ ọ̀tún tẹ̀lé ògiri, ma kọ gbogbo ohun tí mo bá pàdé títí tí ma fi yí yàrá ká. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni mo ṣe ti Aránṣọ. Lọ́jọ́ yẹn, aṣọ àwọn oníbàárà rẹ̀ kún orí àga rẹ̀ máràrùn-ún, ẹsẹ̀ sì ń dùn mí. Mo lọ yá àga onírin pupa kan lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ tó wà lójúlé kejì, mo jókòó lé e, mo ń kọ̀wé lọ. Nígbà tí mo parí, mo ti kọ àga tó wà lábẹ́ ìdí mi mọ́ dúkìá onígbèsè.

Ọjọ́ kejì ni onígbàjámọ̀ gbọ́. Ó já wọ ọ́fíìsì wa, ó ń bú ramúramù pé àwa olè ti gbé àga òun lọ sí kóòtù. Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ yìí, ojú rẹ̀ le. "Ìgbà wo ni onígbàjámọ̀ yẹn dé àdúgbò?"

"Ọdún tó kọjá, ma."

"Báwo wá ni òkú ṣe fi àga ọdún tó kọjá dógò lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn?"

Inú ìwé tèmi ni Onírin ti da tirẹ̀ kọ. Ó da àṣìṣe mi pàápàá kọ.

"Ẹ̀dà mélòó ló wà?" ó bi mí.

"Mẹ́ta, ma. Ọ̀kan wà ní kóòtù, ọ̀kan wà nínú fáìlì wa. Èyí tí mo fi kábọ́ǹ dà kọ, mo fún Aránṣọ lọ́jọ́ náà gan-an." Mo ti dìde. "Akọ̀wé kóòtù ni! Mo mọ ọkùnrin yẹn. Bí ẹ bá fún un ní owó tíì, á fa fáìlì adájọ́ lé yín lọ́wọ́."

Ọ̀gá mi mú báàgì rẹ̀. Kò sọ pé mo gbà á, kò sì sọ pé mo ṣì í.

*

Akọ̀wé kóòtù jókòó láàárín fáìlì tí wọ́n fi okùn dì, eruku bo gbogbo wọn, ó ń jẹ ẹ̀pà. Bó ṣe rí mi, ó da ẹ̀pà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ padà sínú àwo.

"Sájẹ́ǹtì. Ta lẹ wá mú lónìí?"

"Ìwọ," mo ní.

"Ẹ jẹ́ kí n jẹ ẹ̀pà mi tán."

"Ta ló yẹ fáìlì aránṣọ wò láti oṣù mẹ́ta?" ọ̀gá mi bi í.

Ó ṣí ìwé ńlá kan, ó fi ìka tọ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ta ni ẹjọ́ gbèsè ń dùn mọ́?"

"Àbúrò ọkọ ẹ̀ ò wá síbí?" mo kígbe mọ́ ọn. "Tó ń ta irin? Kò fún ẹ ní nǹkan?"

"Sájẹ́ǹtì, ká ní ó fún mi ni, ṣé ẹ̀pà gbígbẹ ni mo máa jókòó máa jẹ?"

Ọ̀gá mi ní kó gbé fáìlì náà wá. Ó ṣí i sí ibi tí wọ́n to ẹrù sí, ó sì fi ìka kan ibẹ̀ fún mi. Àga onígi márùn-ún. Lẹ́yìn náà, tábìlì ìgéṣọ. Àga pupa kò sí níbẹ̀. Ó ti yọ àṣìṣe mi kúrò kó tó tẹ èyí tó kó wá sí kóòtù.

"Ẹni tó bá dà á kọ láti inú èyí," ó ní, "àga márùn-ún ló máa rí."

Akọ̀wé wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Ẹ ti bà mí lórúkọ jẹ́ láàárọ̀ kùtù. Ẹ ra omi fún mi."

Mo ra omi fún un. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Ìta, lórí àtẹ̀gùn kóòtù, ni ọ̀rọ̀ ti wá kàn mí. Ẹ̀dà kan tó tún kù ni ti inú fáìlì wa, àwa méjèèjì nìkan la sì ní kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Mo ti jẹ gbèsè rí. Àwọn tó bá jẹ gbèsè rí mọ bí owó kékeré ṣe lè ra èèyàn ńlá. Mo wo ojú ọ̀gá mi bóyá ó ń ro ohun tí mo rò.

"Ma," mo ní, "àbí ẹ ń rò pé èmi..."

"Dákẹ́." Ó fa ẹ̀dà tiwa yọ nínú báàgì. Ìlà pupa la àga kẹfà já gbọọrọ. "Ojú onígbàjámọ̀ ni mo ti fa ìlà yìí. Kó tó dé, inú báàgì mi ló wà, báàgì náà ò sì kúrò lápá mi. Ẹni tó bá dà á kọ níbí á rí ìlà."

Ó yẹ kí inú mi dùn. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ méjì kúrò nínú mẹ́ta, ọ̀kan ló kù.

"Bóyá ó jí i nílé ẹ̀ ni," mo ní.

"Bóyá. Àmọ́ ta ni wọ́n máa jà lólè tó máa tún bá olè jẹ́rìí?"

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà, mo mọ̀ ọ́n. Àmọ́ mo fẹ́ràn obìnrin yẹn, inú mi sì bàjẹ́ gidigidi. Ó ti lé lógún ọdún tí mo fi lé ọ̀daràn kiri, kò sí èyí tí mo gbàdúrà fún pé kó má jẹ́ òun, àfi òun.

Ọ̀gá mi tún yọ ìwé méjì jáde, látinú àwọn ìwé tí Aránṣọ kó wá bá wa lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìkíní, ìwé àdéhùn ilé tí wọ́n ń gbé, ọdún méje sẹ́yìn. Èkejì, ìwé ilé ìwòsàn, ìgbà tí àìsàn ti mú ọkọ rẹ̀. Ó fi ìwé Onírin sí àárín méjèèjì.

"Wo ìfọwọ́sí."

Ti ìwé ilé dagun, ìrù rẹ̀ gùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde kúrò lórí ìwé. Ti ilé ìwòsàn dúró ṣánṣán, ó mọ́, ó tò bí ojú ìrán máṣíìnì. Ti ìwé Onírin náà dúró ṣánṣán.

"Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ara ọkùnrin yìí le koko," ó ní. "Kí ló dé tó fi ń fọwọ́ sí ìwé bí ẹni tí àìsàn ṣì máa ṣe lọ́dún kejì?"

*

Yàrá Aránṣọ mọ́ tónítóní. Níbi tí fíríìjì wà kí àwọn olówó èlé tó gbé e, ilẹ̀ ṣì funfun ju ibi yòókù lọ. Máṣíìnì rẹ̀ wà lábẹ́ fèrèsé, lápá òsì ilẹ̀kùn, aṣọ ìyàwó kan sì wà lẹ́nu abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó ti rán an dé ìdajì. Nǹkan bí aago méjìlá ni. Kò tíì jẹun.

"Ìwé tí Sájẹ́ǹtì fún ẹ lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn dà?" ọ̀gá mi bi í.

"Mi ò mọ ibi tó wà, ma. Mo lè ti fi dáná."

"Ọkọ ẹ ṣàìsàn fọ́dún méjì, ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n. Ta ló ń bá a fọwọ́ sí ìwé ilé ìwòsàn?"

Aránṣọ wo ìwé mẹ́ta tí ọ̀gá mi ń tò sórí tábìlì ìgéṣọ.

"Èmi ni. Òun ló ní kí n máa bá òun ṣe é. Kò fẹ́ kí wọ́n máa rí ọwọ́ òun."

"Èyí tó wà láàárín náà ńkọ́?"

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo ẹnu. Ẹkún tó wá jáde kì í ṣe ti àárọ̀. Èyí ń mì í lápá mì í lẹ́sẹ̀. Ọ̀gá mi dúró títí ó fi rọlẹ̀.

"Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni àbúrò ọkọ mi wá," Aránṣọ ní. "Ó ní kóòtù máa kó gbogbo ẹ̀, pé lọ́yà kan ò lè dá a dúró. Ó ní kí n jẹ́ kí òun ṣe bí ẹni tí a jẹ lówó, kí òun lè kó ẹrù pamọ́ fún mi. Tó bá fi máa tó oṣù méjì, òun á dá a padà. Ó ní kí n fún òun níwèé tí wọ́n kọ ẹrù sí, òun á bá mi dà á kọ. Mo fọwọ́ sí i. Mi ò tiẹ̀ kà á."

"Ìwé tiwa ńkọ́? O kà á?"

"Ma, ọdún mẹ́ta rèé tí gbogbo ìwé tó ń wọlé yìí ń bú mi. Mi ò kì í kàwé mọ́."

Ọ̀gá mi ṣí ẹ̀dà tiwa sí ojú ìwé kejì, níbi tí mo máa ń kọ ohun tí òfin wí nípa ẹrù sí. Ó kà á sókè jẹ́jẹ́, bí ẹní ń kàwé fún ọmọ. "Máṣíìnì ìránṣọ: irinṣẹ́ ni. Òfin kì í gba irinṣẹ́ lọ́wọ́ oníṣẹ́, àyàfi tí oníṣẹ́ bá fẹnu ara rẹ̀ sọ ní kóòtù pé wọ́n ti fi í dógò."

Ó ti ìwé náà sọ́dọ̀ Aránṣọ.

"Mo sọ fún ẹ lọ́jọ́ àkọ́kọ́," ó ní.

"Ẹ sọ ọ́. Àwọn tó gbé fíríìjì náà ní àwọn kàn fẹ́ wò ó ni."

"Wo ìwé tiẹ̀ báyìí. Bí Sájẹ́ǹtì ṣe rìn yí yàrá ká, máṣíìnì ló yẹ kó kẹ́yìn. Gbogbo nǹkan tó kù wà ní àyè wọn. Máṣíìnì nìkan ló gbé wá sókè. Nínú gbogbo ẹrù ẹ, ẹyọ kan ni ẹnikẹ́ni ò lè gbà. Òun ló ń wá. Ó ka ojú ìwé kejì, ó sì rí i pé ẹnu ẹ nìkan ló lè gbé e fún òun."

Aránṣọ yíjú sí máṣíìnì rẹ̀. "Ó ní òun á dá a padà," ó ní, àmọ́ ohùn rẹ̀ kò dé òpin ọ̀rọ̀ náà.

"Gbọ́ mi dáadáa," ọ̀gá mi ní. "Bó o bá búra lé ìwé yìí lórí, máṣíìnì ti lọ, irọ́ sì wà lọ́rùn ẹ títí ayé. Bó o bá sọ òótọ́, adájọ́ lè fà ẹ́ lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Mi ò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé kò ní ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ẹ ò lè dákẹ́ ni, ma?"

"Mo lè kúrò nínú ẹjọ́ ẹ. Mi ò lè dúró tì ẹ́ kí n sì dákẹ́."

Aránṣọ dìde, ó yọ aṣọ ìyàwó náà lẹ́nu abẹ́rẹ́, ó ká a, ó gbé e lé orí àwọn yòókù. Kò tíì sọ èyí tó máa ṣe.

*

A bá Onírin lójú ọ̀nà tó wọ yàrá ìgbẹ́jọ́. Ọ̀gá mi fún un láyè ìkẹyìn.

"Mú ìwé ẹ, kó o máa lọ sílé."

"Ṣé ẹ fẹ́ kí n fi owó mi sílẹ̀ ni?"

"Mo mọ ẹni tó fọwọ́ sí i."

Ó rọra rẹ́rìn-ín, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Tẹ́ ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹ sọ ọ́. Ṣé èmi ni mo kọ orúkọ òkú? Ẹni tó kọ ọ́ á kọ́kọ́ lọ sẹ́wọ̀n." Ó wo ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Owó ẹ̀gbọ́n mi ló ra máṣíìnì yẹn. Kí ló dé tó fi máa wà lọ́wọ́ obìnrin tí ò bímọ kan fún un?"

Mo ti gbé ọwọ́ sókè. Ọ̀gá mi di apá mi mú. "Lọ bá mi pe onígbàjámọ̀ wá," ó ní. "Kó gbé àga ẹ̀ dání."

Aago méjì kọjá díẹ̀ nígbà tí wọ́n pe ẹjọ́ wa; mo ti sáré ṣáájú onígbàjámọ̀ padà dé. Akọ̀wé na ìwé ìbúra sí Aránṣọ, kò gbà á.

"Olúwa mi, ẹ dákun, mo ní ọ̀rọ̀ kan kí n tó búra." Ohùn rẹ̀ kéré, adájọ́ ní kó sọ̀rọ̀ sókè. "Ọkọ mi ò yáwó lọ́wọ́ àbúrò ẹ̀. Ìwé yẹn, èmi ni mo fọwọ́ òkú sí i. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni."

"Irọ́ ni!" Onírin fò dìde. "Wọ́n ti yí i lórí!"

Ọ̀gá mi dìde wẹ́rẹ́. "Àga onírin pupa tó wà nínú ìwé ẹ, ta ló ni ín?"

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Ibo ló ti rà á?"

"Ọjà. Ojú mi ló ti rà á, ó pé ọdún márùn-ún."

"Èyí nìyí?"

Onígbàjámọ̀ ti dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó ń mí hẹlẹ, ó gbé àga rẹ̀ lé orí. "Ẹ má tún kọ ọ́ sílẹ̀ o!" ó kígbe. "Ọdún tó kọjá ni mo rà á, ìwé tí wọ́n fi tà á fún mi rèé!" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Adájọ́ gba ìwé náà, ó wò ó, ó ní kí ọlọ́pàá dúró ti Onírin. Ẹ̀rín tán nínú yàrá.

Bí ó bá ṣe pé ibẹ̀ ló parí sí ni, mi ò bá ti máa fi í yangàn káàkiri. Adájọ́ bọ́ awò ojú, ó wo Aránṣọ pẹ́.

"Nítorí pé o sọ̀rọ̀ kó o tó búra, mi ò ní rán ẹ sẹ́wọ̀n lónìí. Àmọ́ ìwé èké ti wọ kóòtù mi, ọwọ́ ẹ ló sì ti wá. Ọlọ́pàá á yẹ̀ ẹ́ wò. Mo sún ẹjọ́ gbèsè ẹ sí oṣù mẹ́ta. Gbogbo ẹrù tó wà nínú ìwé náà, kí wọ́n kó o sí ilé ìṣúra kóòtù títí ìwádìí á fi parí."

"Olúwa mi," ọ̀gá mi ní, "máṣíìnì yẹn ló fi ń jẹun."

"Ẹ̀rí ni báyìí, agbẹjọ́rò."

"Ẹ jẹ́ kó wà lọ́wọ́ ẹ̀, èmi á ṣe onídùúró."

"Ẹ jókòó."

Ó tún bẹ̀ ẹ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, adájọ́ pe ẹjọ́ mìíràn.

*

Aago mẹ́rin ni báílífù kóòtù méjì wá gbé máṣíìnì. Wọn kò le mọ́ Aránṣọ. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ ń sọ pé ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá. Wọ́n gbé máṣíìnì náà gba ẹnu ilẹ̀kùn pẹ̀lú òwú nínú abẹ́rẹ́ rẹ̀, òwú náà sì ń tú tẹ̀lé wọn dé ìta.

Ọ̀gá mi jókòó lórí àpótí tí kò tíì di ẹrù báílífù. Ó ti rẹ̀ ẹ́. "Kí ló dé tó ò wá bi mí lọ́jọ́ tó gbé ìwé yẹn wá?" ó ní. "Mi ò bá ní kó o fà á ya. Ìṣẹ́jú kan ni ì bá gbà mí."

"Ojú tì mí, ma," Aránṣọ ní. "Mi ò san owó kankan fún yín látọjọ́ yìí. Mo ní, ṣé kí n tún máa fi ìbéèrè dà yín láàmú?"

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, ni wọ́n máa ń wí. Mo rò pé ọ̀gá mi máa sọ ọ́. Ó kàn mú ọwọ́ obìnrin náà, ó dì í mú, mo sì rí i pé òun náà ń sunkún.

Nígbà tó yá, Aránṣọ dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ àwọn oníbàárà rẹ̀. Méjìlá ni gbogbo wọn, pẹ̀lú aṣọ ìyàwó. "Sájẹ́ǹtì, ẹ bá mi gbé wọn," ó ní. "Wọ́n ti sanwó sílẹ̀. Kò yẹ kí wọ́n máa retí mi. N ó dá aṣọ wọn padà kílẹ̀ tó ṣú, kí wọ́n rí télọ̀ míì."

Aṣọ ìyàwó la kọ́kọ́ gbé lọ. Ìyá ọmọ tó fẹ́ ṣègbéyàwó ló ṣílẹ̀kùn, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. "Ẹ ti rán an tán?"

Mo la ẹnu pé máṣíìnì ló bàjẹ́. Aránṣọ fọwọ́ kàn mí lápá.

"N ò rán an tán, ma. Kóòtù gbé máṣíìnì mi. Mo jẹ gbèsè, mo tún fọwọ́ sí ìwé irọ́ lórí ẹ̀. Owó yín, n ó san án padà díẹ̀díẹ̀."

Obìnrin náà gba aṣọ, ó nà án wò. Apá kan ti wà, apá kan kò tíì sí. "Ọjọ́ mẹ́jọ ló kù," ó ní. "Ta ló máa bá mi rán an tán báyìí?" Kò dúró gbọ́ èsì. Ó ti ilẹ̀kùn.

Aránṣọ tún gèlè rẹ̀ wé, ó bọ́ sójú ọ̀nà. Aṣọ mọ́kànlá ló kù lọ́wọ́ mi, ilé kejì sì ti wà níwájú.